Fífọ̀ Kọ́, Nínù Ni: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Nínú Ìtọ́jú Pátákó Gìtá

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìdásílẹ̀ ọ̀rọ̀-ìperí ti gbilẹ̀ ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ ni àwọn onímọ̀ ń lépa jù. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí, yálà ti ìṣirò, ti ẹ̀kọ́ nípa ewéko tàbí ti gírámà, ohun tí yóò kọ́kọ́ pàdé ni orúkọ nǹkan: orúkọ ẹ̀yà ara, orúkọ irin-iṣẹ́, orúkọ èròjà. Yorùbá Metalanguage tí ó jáde ní 1984, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, ṣe àǹfààní púpọ̀ fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó máa ń wọ inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ kí ó tó rí àyè. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára nínú ẹ̀kọ́ gírámà, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣi gírámà túmọ̀ kò ba ohun kan jẹ́ ju ìwé lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀ràn náà yàtọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe fún ọmọ iṣẹ́, ọwọ́ sì ni ó ń ba nǹkan jẹ́.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó kéré, ṣùgbọ́n tí ó fi ọ̀ràn yìí hàn kedere: ìtọ́jú apá ibi tí onígìtá ti ń fi ìka tẹ okùn. Ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé ìjọsìn pọ̀ lọ jàra, láti ìsàlẹ̀ Bọ́ládé títí dé Òkè-Afà, bẹ́ẹ̀ ni gìtá ti di ohun èlò tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ìsìn láìsí. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń ta á. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá tàbí ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, èdè tí wọ́n sì fi ń kọ́ ọ ni Yorùbá tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ dà mọ́. Ìwé kékeré tí ó bá gìtá wá láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn a sì sọ ọ́ nù pẹ̀lú páálí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ bí yóò ti ṣe tọ́jú gìtá ti ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ ní ọjọ́ náà, bí kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àná ni gìtá dé ilẹ̀ Yorùbá. Túndé King ti ń gbé orin jùjú sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní àwọn ọdún 1930, Àyìndé Bákàrè sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fi gìtá oníná ṣeré ní nǹkan bí 1949. Ohun èlò tí ó ti tó bẹ́ẹ̀ pẹ́ láàrin wa kò yẹ kí ó ṣì máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Bí ènìyàn bá sì fetí sílẹ̀ dáadáa, yóò rí i pé kò wá ọ̀rọ̀ kiri rárá. 'Gìtá' wà, 'okùn' wà, àwọn mìíràn ń pe okùn náà ní 'wáyà', 'ọrùn gìtá' wà, 'fíréètì' sì wà fún ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn náà. 'Dùrù' kò ṣeé yá lò fún un, nítorí pé Bíbélì ti fi í pe háàpù, ilé ìjọsìn sì ti fi í pe ohun èlò olójú-ìtẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ.

Apá tí ó kù tí a ó sọ ní orúkọ ni pèpele igi tí ó wà lábẹ́ okùn, tí wọ́n gún àwọn fíréètì mọ́. Ẹni tí ó bá tú orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò dé orí 'pátákó ìka'. Orúkọ yìí kò dára tó, nítorí pé ìka kì í tẹ pátákó náà, okùn ni ìka ń tẹ̀ mọ́ ọn. 'Pátákó ìtẹ-okùn' sàn jù. Àmì ìsopọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́: ẹni tí ó bá pa fáwẹ̀lì jẹ, tí ó kọ 'ìtẹkùn' sílẹ̀, yóò mú kí òǹkàwé máa wá ẹkùn tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sì yẹ kí ó jẹ́ 'pátákó', kí ó má ṣe jẹ́ 'pákó'. Pákó ni igi tí wọ́n là fún kíkọ́lé tàbí kíkan ìsọ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọjà Ìsọ̀-pákó-dowó ní Bọ́ládé ti jẹ́rìí sí i. Pátákó ni èyí tí ó ní ojú kan pàtó tí iṣẹ́ ń wáyé lórí rẹ̀, bí pátákó ìkọ̀wé ti rí ní kíláàsì.

Orúkọ tí ó bá sọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ní èrè mìíràn: ó máa ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ kò dé hàn. Nínú ẹgbẹ́ eléré Ọba Sunny Adé, gìtá alábẹ̀tẹ̀lẹ̀ kan wà tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta, tí ìró rẹ̀ hàn nínú àwo Juju Music tí ó jáde ní 1982. Orí ìdúró ni wọ́n ń tẹ́ gìtá yìí sí. Ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ lórí okùn, okùn kò sì kan igi rárá. Àwọn ìlà tí ó wà lábẹ́ okùn náà, àmì tí wọ́n yà síbẹ̀ lásán ni wọ́n. Ní Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ kan náà ni wọ́n ṣì ń lò fún apá yìí. Ní Yorùbá, kò sí ìtẹ-okùn níbẹ̀, kò sí fíréètì níbẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì ju kí wọ́n gbọn eruku orí rẹ̀ lọ.

Àǹfààní kan náà ni ó wà nínú yíya fíréètì sọ́tọ̀ kúrò lára àyè tí ó wà láàrin fíréètì méjì. Gẹ̀ẹ́sì pa méjèèjì pọ̀, nítorí náà nígbà tí olùkọ́ bá ní kí ọmọ tẹ okùn ní 'fíréètì kẹta', àyè tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ní lọ́kàn. Nígbà tí ó bá sì ní kí ó nu 'fíréètì kẹta', irin ni ó ní lọ́kàn. Àwọn tí ń ta ayò ti ní ọ̀rọ̀ fún àyè tí nǹkan ń wọ̀ lórí ọpọ́n: 'ilé' ni. Kí onígìtá tẹ okùn ní ilé kẹta, kí ó sì nu fíréètì kẹta, ọ̀rọ̀ ti yanjú. 'Ojú' ìbá ṣe é, ṣùgbọ́n 'ojú pátákó' gbọ́dọ̀ dúró fún gbogbo òkè rẹ̀ lápapọ̀. Olùkọ́ ìṣirò pàápàá lè rí ohun mú níbẹ̀. Bí ó bá wọn okùn láti orí eyín òkè dé ibi tí ó gbé wà nísàlẹ̀, tí ó pín in sí ọ̀nà 17.817, ìpín kan ni gígùn ilé kìíní. Ìyókù okùn ni yóò sì tún pín bẹ́ẹ̀ láti rí ilé kejì, títí tí fíréètì kejìlá yóò fi bọ́ sí àárín okùn gẹ́lẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀-orúkọ parí sí nìyí. Gbogbo rẹ̀ kò gba ju ọ̀sán kan lọ kí ìgbìmọ̀ kan tó fẹnu kò lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó le wà níwájú.

Èérí orí pátákó ìtẹ-okùn kì í ṣe oríṣi kan. Eruku wà lókè. Òógùn àti ọ̀rá ìka wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á dà pọ̀ mọ́ awọ ara tí ó ti kú, wọ́n á sì gbẹ di ohun dúdú líle ní igun ibi tí fíréètì ti pàdé igi. Okùn tí wọ́n fi irin ṣe á dípẹtà, ìpẹtà náà á já sórí igi. Fíréètì tìkára rẹ̀ kì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣú, nígbà mìíràn á sì hu àwọ̀ ewé, nítorí pé bàbà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú níkẹ́lì àti síńkì. (Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún àdàlù yìí ní ọ̀rọ̀ fàdákà nínú, kò sì sí ẹyọ fàdákà kan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá tú u bẹ́ẹ̀ yóò mú kí olè máa yọ fíréètì.)

Fún gbogbo oríṣi èérí wọ̀nyí, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé atúmọ̀ sì dá a padà sí Yorùbá pẹ̀lú 'fọ̀' tàbí 'sọ di mímọ́'. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìsìn, gìtá kò sì dẹ́ṣẹ̀. Èkíní ni ó léwu. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá ní kí ó fọ nǹkan yóò wá omi àti ọṣẹ ni. Wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń fọ àwo, wọ́n ń fọ ojú. Ẹnìkan lè wí pé orín ni wọ́n fi ń fọ eyín ní àtijọ́, kì í ṣe omi. Ẹnu ní omi tirẹ̀. Igi pátákó ìtẹ-okùn tí wọn kò kun nǹkan sí lójú máa ń fa omi mu. Bí ó bá mu ún, á wú, okun inú rẹ̀ á yọ sókè, ojú rẹ̀ á sì hunjọ. Nígbà tí ó bá tún gbẹ, ihò tóóró tí wọ́n gún fíréètì sí lè má dì í mú bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Fún ọmọ tí ó fi ọ̀pọ̀ oṣù tọ́jú owó kí ó tó ra gìtá àlòkù, ọ̀rọ̀-ìṣe kan péré ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ ìbàjẹ́ yìí.

'Nù' ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ. Ẹni tí ń nu nǹkan ń mú ohun tí ó wà lójú rẹ̀ kúrò, kò sì fi ohun mìíràn rọ́pò. Wọ́n ń nu omijé, wọ́n ń nu òógùn, wọ́n ń nu tábìlì. Kí onígìtá fi aṣọ òwú gbígbẹ nu okùn àti ojú pátákó lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, ìdajì iṣẹ́ ti parí, nítorí pé òógùn tí wọ́n bá nù lónìí kò ní di dúdú ní igun fíréètì ní oṣù tí ń bọ̀. Bí ó bá pọn dandan kí omi wà nínú aṣọ, kí ìwé sọ ọ́ tán: aṣọ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n sì fún títí tí kò fi kán mọ́. 'Aṣọ tútù' lásán kò tó, nítorí pé 'tútù' kò sọ bí omi ti pọ̀ tó. Ó yẹ kí àwọn atúmọ̀ kíyè sí i pé èdè ilé ìjọsìn tìkára rẹ̀ ti ya àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: nínú 'ìwẹ̀nùmọ́', wíwẹ̀ wà lọ́tọ̀, nínù wà lọ́tọ̀, kí mímọ́ tó dé.

Ohun dúdú tí ó gbẹ mọ́ igun fíréètì kò gbọ́ ti nínù. Níbí ni 'họ' àti 'fá' ti ń bá ara wọn du ipò, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì. Ẹni tí ara ń yún, họ ni yóò họ ara rẹ̀, kò ní fá a. Ẹni tí ó lọ fá orí, kò sí irun tí yóò ṣẹ́kù lójú ọ̀nà abẹ. Họ ń lọ bá ohun tí ó lẹ̀ mọ́ nǹkan. Fá ń gbá gbogbo ohun tí ó bá pàdé lọ, igi pẹ̀lú. Bí olùkọ́ bá ní 'ẹ fá a', bíléèdì ni ọmọ iṣẹ́ yóò mú. Ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ ti yọ́ lè fi bíléèdì fá ojú pátákó kí ó má sì ṣe é léṣe, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀kọ́ kò gbọ́dọ̀ kọ 'fá' sílẹ̀ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. 'Họ' ni kí ó kọ, kí ó sì dárúkọ ohun tí wọn yóò fi họ ọ́: búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó ti gbó, tàbí etí káàdì báńkì tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀. Kí wọ́n dẹ okùn tàbí kí wọ́n tú u kúrò ṣáájú. 'Dẹ̀' àti 'tú' náà kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí pé okùn tí wọ́n dẹ̀ ṣì lè padà síbi iṣẹ́, nígbà tí èyí tí wọ́n tú sábà máa ń fi àyè sílẹ̀ fún tuntun.

Bí fíréètì bá ti ṣú, 'gbo' ni iṣẹ́ rẹ̀. Kànrìnkàn onírin ni wọ́n fi ń gbo ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ilé ìdáná, èyí tí ó nípọn, tí yóò fa ojú igi ya. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ jù, tí wọ́n kọ òdo mẹ́rin sí lára, ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì tẹ̀lé ìlà igi. Lára gìtá oníná, òòfà wà nínú píkọ́ọ̀pù tí ń gbé ìró okùn. Ẹ̀rún irin tí ó bá já bọ́ lára kànrìnkàn yóò sá lọ bá òòfà náà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yíyọ rẹ̀ á sì di wàhálà. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi téèpù bo píkọ́ọ̀pù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mọ́ni pé 'òòfà', ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé, ti wà nílẹ̀ kí gìtá oníná tó dé, tí ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbí láìsí ìgbìmọ̀ tí ó dá a sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn òróró, níbi tí àṣìtúmọ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n máa ń gba onígìtá nímọ̀ràn pé kí ó fi òróró kan tí orúkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ 'lẹ́mọ́nù' nínú pa igi náà. Atúmọ̀ tí ó bá yára yóò kọ 'òróró ọsàn wẹ́wẹ́'. Ẹni tí ó bá ka èyí ní Ìsọlọ̀ yóò lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́, yóò sì fún omi rẹ̀ sórí pátákó. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ní ásíìdì nínú, ásíìdì a sì máa jẹ irin. Ohun tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìgò òróró bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òróró èso kankan. Òróró tí wọ́n fọ̀ jáde láti inú epo rọ̀bì ni, tí wọ́n fi òórùn lẹ́mọ́nù sí kí ó lè dára fún imú. Ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn ni òróró aláìlọ́wọ̀, aláìlóòórùn tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, tí wọ́n ń fún ẹni tí inú kún.

Ìpín tí Yorùbá ti ṣe fún ara rẹ̀ nípa òróró jinlẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Epo wà, òróró wà, àdí wà, òrí wà. Àwọn mẹkáníìkì sì ti fi 'ọ́ìlì' kún un fún èyí tí ẹnu kò gbọ́dọ̀ kàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Gẹ̀ẹ́sì ní yóò jẹ́ kí atúmọ̀ yan èyíkéyìí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó bá yàn yóò pinnu ohun tí ọmọ iṣẹ́ yóò gbé wá. Epo pupa yóò sọ igi di pupa, yóò sì dì. Òróró ẹ̀pà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n á máa rùn, wọ́n á sì máa lẹ̀ mọ́ ìka. Àdí náà kò bọ́ nínú èyí. Kẹrosíìnì, tí ó jẹ́ oògùn gbogbo nǹkan ní ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì, á tú èérí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ. Bẹntiróòlù kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá: á ba fáníìṣì jẹ́, iná sì wà nínú rẹ̀. Ní ti àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí, 'ọ́ìlì' ni ó yẹ kí ó dúró fún òróró inú rọ̀bì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tijú pé ọ̀rọ̀ àyálò ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kò ní lọ sí ilé ìdáná.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá ọ́ìlì yìí lọ tún wà, òun sì ni ó dára jù nínú gbogbo wọn. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin 'pa' àti 'kùn'. Wọ́n ń fi òrí pa ara: ó wọ inú awọ, wọn a sì nu èyí tí ó bá kù. Wọ́n ń kun ilé, wọ́n ń kun osùn: ohun tí wọ́n kùn dúró sókè, ó sì ń bo ohun tí ó wà lábẹ́. Pátákó ìtẹ-okùn tí igi rẹ̀ wà ní ìhòòhò, yálà igi dúdú tàbí igi pupa rúsúrúsú, pípa ni wọ́n ń pa á: ìwọ̀nba ẹ̀kán ọ́ìlì, ìsinmi ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n sì nu gbogbo èyí tí igi kò gbà. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó. Pátákó tí wọ́n fi igi funfun ilẹ̀ òtútù ṣe, fáníìṣì ni wọ́n kùn ún. Ohun tí wọ́n ti kùn kò ṣeé pa, ọ́ìlì kò ní ibi tí yóò gbà wọlé, nínù nìkan ni ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń lo ìpínrọ̀ gígùn kan láti ṣàlàyé èyí. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, sílébù kọ̀ọ̀kan, ni Yorùbá fi parí rẹ̀.

Ó wá yẹ kí àwọn atúmọ̀ ṣọ́ra fún àfiwé kan tí ó wọ́pọ̀ nínú ìpolówó ọjà, pé òróró ń 'bọ́' igi, tàbí pé ó ń fún un ní omi. Igi tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti là, tí wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọrùn gìtá kì í jẹun mọ́. Òróró kì í sì í ṣe omi. Gbígbẹ igi jẹ́ ọ̀ràn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Àwọn tí ń ṣe gìtá máa ń fẹ́ kí ó wà láàrin ìdá 45 sí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà òjò ní Èkó, afẹ́fẹ́ máa ń kọjá èyí púpọ̀, igi á wú, okùn á tètè dípẹtà, inú àpótí gìtá pàápàá lè bu. Nígbà ọyẹ́, ó ń lọ sí òdìkejì. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í ronú kàn ni ẹ̀rọ amúlétutù tí ilé ìjọsìn ń tàn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ bí ó ti ń mú un tutù. Igi á súnkì níbùú, irin fíréètì kò sì ní súnkì pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà orí fíréètì á yọ síta létí pátákó, á sì máa gé ọwọ́ onígìtá. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé òróró ń fún igi lómi yóò máa da ọ́ìlì lé e lórí lójoojúmọ́. Ọ́ìlì àpọ̀jù yóò mú kí igi rọ̀ ní ibi tí fíréètì gún sí, ọgbẹ́ ọwọ́ kò sì ní tán. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yẹ níbí ni 'tu lára': kí wọ́n fi gìtá sínú àpótí rẹ̀ pẹ̀lú kànrìnkàn ọlọ́rinrin nínú ike tí wọ́n lu ihò sí, kí igi rọra gba ohun tí ó pàdánù padà.

Nípa orúkọ àwọn igi náà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó. Èyí tí ó pupa rúsúrúsú, Gẹ̀ẹ́sì fi òdòdó kan sọ ọ́ lórúkọ nítorí òórùn tí ń jáde lára irú rẹ̀ kan nígbà tí wọ́n bá ń là á. Kì í ṣe igi òdòdó náà, 'igi róòsì' yóò sì jẹ́ irọ́. Orúkọ òwò yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe igi ilẹ̀ wa kan, Pterocarpus erinaceus, tí í ṣe ìbátan igi osùn, tí wọ́n ti gé rẹpẹtẹ ní Nàìjíríà fún títà sí ilẹ̀ Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ ni ó yàtọ̀ sí ẹ̀yà Dalbergia tí wọ́n fi ń ṣe gìtá. Nígbà tí àdéhùn àgbáyé lórí òwò ewéko àti ẹranko tí ó wà nínú ewu fi òfin de gbogbo ẹ̀yà Dalbergia ní 2017, tí wọ́n sì yọ ohun èlò orin tí ó ti parí kúrò nínú òfin náà ní 2019, orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fi kọ ọ́. Níbi tí orúkọ òwò bá ti da igi méjì pọ̀, kí àkójọ Yorùbá lo orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì náà bí ó ti wà.

Àwọn kan wà tí wọn yóò wí pé asán ni gbogbo èyí, pé onígìtá tí ó bá fẹ́ mọ nǹkan kí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n sọ nípa ìmọ̀ ilé-ìwé láti kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá nìyẹn kí Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní Ọ̀ṣòdì tìkára rẹ̀, ẹ̀rí mìíràn wà. Ilé ìwádìí iṣẹ́-ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FIIRO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ti ṣiṣẹ́ lórí gàárì, ó sì ti po sóyà mọ́ ògì láti ṣe oúnjẹ ọmọdé. Orúkọ tí oúnjẹ náà ń jẹ́ nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 'ògì' nínú bí àwọn ìyá wa ti ń pè é. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún ògì, nítorí pé ẹni tí ń sẹ́ ẹ ló mọ ohun tí ó jẹ́.

Àwọn tí ń tún gìtá ṣe mọ ohun tí iṣẹ́ wọn jẹ́ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ní dúró de ìgbìmọ̀. Ní oṣù kìíní 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ọjà ẹ̀rọ Owónifáàrí ní Ọ̀ṣòdì. Ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní 2019 wà ní àdúgbò náà lónìí. Ọjà lè rí ilẹ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n bí ìsọ̀ bá túká, ọ̀gá á gba ọ̀nà tirẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á gba ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń lò lórí tábìlì kan náà kò sì ní ibi tí yóò forí lé. Fún ìdí èyí, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn yunifásítì rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ jókòó ní ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ọ̀ṣòdì àti Ìsọlọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò máa béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n láti kọ ohun tí ọ̀gá ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀-ìṣe náà, kí wọ́n kọ ohun tí ó mú dání nígbà tí ó sọ ọ́, kí wọ́n sì kọ èyí tí ó kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kò gbọdọ̀ ṣe. Nínú àkójọ tí yóò bá ti ibẹ̀ jáde, kí 'pátákó ìtẹ-okùn' má ṣe dá dúró pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan. Kí 'gbọ̀n', 'nù', 'họ', 'gbo' àti 'pa' tẹ̀lé e bí wọ́n ti ń tẹ̀lé ara wọn lọ́wọ́ oníṣẹ́, pẹ̀lú irin-iṣẹ́ tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu, kí wọ́n sì fi àmì ìkìlọ̀ sí iwájú 'fọ̀', 'fá' àti 'kùn'.